Oògùn Ọkọ Ìyàwó

Nọ́ọ̀sì gbé abọ́ dání bí dókítà ti ń fa ẹ̀jẹ̀ dúdú jáde lára nǹkan ọmọkùnrin baba arúgbó kan, èyí tó ti le gan-an láti àná. Òórùn paraga ẹnu baba náà ń rí nọ́ọ̀sì lára.

"Baba, ẹ̀yin tẹ́ ẹ po paraga mọ́ oògùn òyìnbó!" ni dókítà wí. "Ẹ̀jẹ̀ tó sé síbẹ̀ ti ń pa ẹran ara yín. Ó lè má dìde mọ́ láéláé."

"Nítorí ta ni, Baba?" ni nọ́ọ̀sì bi í.

"Ìyàwó mi tuntun ni. Ó wà níta."

Nọ́ọ̀sì pòṣé, ó jáde láti lọ wo ọmọge aláìnítìjú náà.

Ìyá tó bí nọ́ọ̀sì gan-an ló bá lórí bẹ́ǹṣì, opó tó ní òun ń lọ sí ìpàdé àdúrà ní Ìgbàrà-Òkè.

"Má wò mí bẹ́ẹ̀," ni ìyá wí. "Ṣé ọkọ mi á yè é?"