Ooru Tí Fadérera Kò Kà Mọ́ Ìṣirò

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin èwe, kí ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilé iṣẹ́ láfún kan ní ìpẹ̀kun ìlú Ìpetumodù. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Fadérera. Ẹnjiníà iná ni. Òun ló ń ṣírò bí wáyà ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ṣe gbọ́dọ̀ nípọn tó, àti irú bíréékà tí yóò já iná náà bí ó bá pọ̀ jù. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi í léèrè ohun tó bá ti kọ sílẹ̀. Bí o bá bi í, ojú rẹ̀ á le bí ojú ẹni tí wọ́n pè lólè.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, wọ́n ń tẹ́ wáyà ẹ̀rọ ńlá tuntun tí yóò máa fi ooru mú láfún gbẹ. Ọ̀gá Ràfíù, tó ti ń tẹ́ wáyà kí wọ́n tó bí Fadérera, jáde láti inú kòtò tí wáyà ń gbà kọjá, ó ń nu òógùn ojú.

Ó ní, “Ẹnjiníà, ẹ má bínú o. Wáyà mẹ́ta ló lẹ̀ mọ́ra nínú kòtò yìí, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ gan-an ni wọ́n sì ń gbà. Ṣé ẹ ti ka ooru ibẹ̀ mọ́ ìṣirò yín?”

“Ọ̀gá Ràfíù, ẹ máa tẹ́ wáyà yín, kí ẹ fi ìṣirò sílẹ̀ fún ẹni tó kàwé!”

Àwọn òṣìṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Bàbá náà sọ̀ kalẹ̀ padà sínú kòtò.

Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n dán ẹ̀rọ náà wò fún wákàtí méjì. Bíréékà kò já. Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ìyá Ọdẹ́yalé, tó ni ilé iṣẹ́, ní kí wọ́n máa kó ẹ̀gẹ́ bọ̀, nítorí àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀. Bí Fadérera ti ń kọjá lọ, ó fọwọ́ kan páànù tí wọ́n fi bo kòtò. Ó gbóná. Ó yára fa ọwọ́ rẹ̀ padà. “Oòrùn ni,” ló sọ fún ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ abẹ́ òrùlé ni kòtò náà wà.

Láti ìgbà yẹn ni ọkàn rẹ̀ kò ti balẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, iṣu tó gbé kaná jóná mọ́ ìkòkò. Ó jókòó, ó dìde. Ó ṣí ìwé ìṣirò rẹ̀, ó pa á dé, ẹ̀rù ń bà á láti wò ó. Àwọn obìnrin tí ń bẹ ẹ̀gẹ́ kò kúrò lójú rẹ̀, àwọn tí wọ́n máa ń tò jókòó sórí páànù yẹn, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, ara kò gbà á mọ́. Ó yí àpò ìwé ọrẹ rẹ̀ padà, ó fa bírò yọ. Ogóje ámpíà iná ni ẹ̀rọ náà ń fà. Wáyà náà lè gbé àádọ́sàn-án, bí ó bá dá wà níbi tó tutù. Ibi tó ṣírò dé nìyẹn. Wàyí o, ó yọ ti wáyà mẹ́ta tó lẹ̀ mọ́ra kúrò, ó yọ ti ooru kúrò, nítorí ooru a máa dín iná tí wáyà lè gbé kù. Ohun tó kù kò tó ọgọ́rùn-ún. Ó tún un ṣe, bákan náà ni. Bíréékà tí kì í já àfi bí iná bá kọjá ọgọ́jọ ló sì fi síbẹ̀! Wáyà yóò máa jó, bíréékà yóò máa wò ó. Orin kò tíì parí tó fi jáde.

Ó bá Ọ̀gá Ràfíù níbi tó ti ń tún ilé adìẹ ṣe. Ó kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn.

“Bàbá, mo ṣìṣe. Ohun tí ẹ rí ni mi ò rí.”

“Dìde, ọmọ mi,” ni bàbá náà wí. “Wáyà kò tíì jó. Jẹ́ ká tètè lọ.”

Nígbà tí wọ́n dé ilé iṣẹ́, ọkọ̀ ẹ̀gẹ́ mẹ́rin ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí Ìyá Ọdẹ́yalé gbọ́ pé iṣẹ́ kò lè bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé mọ́, ó gbé ohùn sókè. “Ìwọ lo fọwọ́ sí i! Ṣé kò lè ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ méjì péré, kí ẹ̀gẹ́ mi má bàa jẹrà?”

Fadérera dáhùn. “Èmi ni mo fọwọ́ sí i, mà. Ṣùgbọ́n kò lè ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan sí i. Àwọn tí ń jókòó lórí kòtò yẹn ńkọ́?”

Ọ̀gá Ràfíù ṣí páànù. Lẹ́yìn ìdánwò wákàtí méjì péré, awọ wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti rọ̀ bí ọ̀dà, wọ́n ti lẹ̀ pọ̀. Ìyá Ọdẹ́yalé wò ó, ó ní kí wọ́n yọ gbogbo rẹ̀ dà nù.

Wọ́n ra wáyà mìíràn, wọ́n mú un gba ẹ̀yìn ògiri lábẹ́ ìbòòji, wọ́n fi àyè sáàárín wọn. Lọ́tẹ̀ yìí, Fadérera ka ìṣirò rẹ̀ sí Ọ̀gá Ràfíù létí lẹ́sẹẹsẹ kó tó fọwọ́ sí i. Ó di ọjọ́rú kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gẹ́ ọkọ̀ kan ti jẹrà, ipò ọ̀gá tí wọ́n ti ṣèlérí fún Fadérera sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún náà. Lọ́jọ́rú náà, níwájú àwọn òṣìṣẹ́ tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́sí ló ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ bàbá náà. Ojú tì í, ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó sùn. Kò sì sí ẹni tí iná jó.

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹnì kan bá bi yín léèrè nípa iṣẹ́ yín, ẹ má ṣe kà á sí àrífín. Bí ẹ bá sì ṣìṣe, ẹ tètè jẹ́wọ́, nítorí ìtìjú ọjọ́ kan sàn ju ẹkún ọjọ́ ayé lọ. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.