Kọ́lápọ̀ àti Àwọn Àlejò Inú Kọ̀ǹpútà

Ẹ sún mọ́ mi dáadáa, ẹ̀yin ọmọ. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, tí mo bá rántí rẹ̀, irun apá mi ṣì máa ń dìde bíi ti òòrẹ̀. Ọkùnrin kan wà ní Òkèmẹ̀sí tó ń jẹ́ Kọ́lápọ̀. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà. Ó mọ iṣẹ́, n kò ní parọ́ mọ́ ọn, àmọ́ ohun ọ̀fẹ́ ni àìsàn rẹ̀. Bí wọ́n bá ń pín ibà lọ́fẹ̀ẹ́, Kọ́lápọ̀ á gba méjì, á tún gba ti ìyàwó rẹ̀ dání.

Téèyàn bá ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì, àwọn nǹkan kéékèèké kan máa ń yọjú pé, "Gbà mí, ọ̀fẹ́ ni mí." Àfikún ni wọ́n ń pè wọ́n. Èyí ní òun á máa sọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí, ìyẹn ní òun á jẹ́ kí fíìmù yára. Kọ́lápọ̀ ò kọ ọ̀kankan rí. Ìyá Dúnsìn tó ń tẹ̀wé fún àwọn èèyàn lódìkejì títì, tó ti fi ọgbọ̀n ọdún ṣiṣẹ́ ìjọba kó tó fẹ̀yìn tì, kìlọ̀ fún un títí.

"Kọ́lápọ̀, o ò mọ ẹni tó bí wọn, o sì ń kó wọn wọlé."

Ó fi rẹ́rìn-ín ni. Ó ní, "Màmá, ayé taipúráítà yín ti lọ."

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, Adùnọlá ọmọ rẹ̀ sáré wọlé. Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ti mú un, lẹ́yìn tó ti ṣèdánwò fún ọdún mẹ́ta gbáko. Kó kàn wọ sáìtì wọn, kó tẹ̀ ẹ́ pé òun gbà, ó parí. Àmọ́ tí aago mẹ́rin bá lù lọ́jọ́ náà, wọ́n á gbé àyè rẹ̀ fún ẹlòmíì. Aago méjì ti kọjá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù ò sì sí láti àárọ̀. Èmi náà wà níbẹ̀, mo ń ṣáájì fóònù mi.

Kọ́lápọ̀ tẹ̀ ẹ́. Hàáà! Ojú kọ̀ǹpútà pọ́n bí ẹ̀jẹ̀! Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ rèé: "Ẹ ò lè wọlé. Ìbéèrè tó ń wá láti ọ̀dọ̀ yín ti pọ̀ jù. Ó lè jẹ́ pé amí tàbí àfikún burúkú wà nínú kọ̀ǹpútà yín. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ sì dúró díẹ̀."

"Ó pọ̀ jù kẹ̀?" Kọ́lápọ̀ pariwo débi pé ewúrẹ́ mẹ́ta ṣubú lójú títì. "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo kan ilẹ̀kùn wọn!"

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣe. Kò yọ nǹkan kan. Àyè kékeré kan wà lábẹ́ ìkìlọ̀ yẹn téèyàn lè kọ̀rọ̀ sí. Kọ́lápọ̀ rò ó pé bí àgbà bá bínú síni, ṣe là ń bẹ̀ ẹ́, a kì í sì í bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ká lọ. Ló bá kọ ọ́ pé, "Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ forí jì wá, ẹ fi tàwọn òbí yín ṣe é." Ó fi ránṣẹ́. Wọn ò gbà. Ó tún fi ránṣẹ́. Ìgbà mọ́kànlélógún! Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ yí padà: "Ẹ dúró fún wákàtí kan gbáko." Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá nígbà yẹn. Adùnọlá bú sẹ́kún. Omijé rẹ̀ tó fọ aṣọ mẹ́fà.

Ìgbà yẹn ni Ìyá Dúnsìn já wọlé. "Kọ́lápọ̀, íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ la jọ ń lò. Sáìtì àwọn nọ́ọ̀sì ò ṣí fún oníbàárà tèmi náà. Kí lo ṣe?"

"Màmá, mo ń bẹ̀ wọ́n ni."

"O ń bẹ ta ni? Ṣé ẹ̀rọ lójú àánú ni? Gbogbo ẹ̀bẹ̀ yẹn, ó ń kà á mọ́ ìbéèrè tó pọ̀ jù ni! Dìde níbẹ̀ jàre."

Ó jókòó, ó ṣí ibi táwọn àfikún ń gbé. Yéè! Mo ti rí ejò olórí méjì rí, àyà mi ò já tó báyẹn. Mẹ́tàdínláàádọ́ta ni wọ́n! Màmá nawọ́ sí èyí tó ní òun ń sọ ojú ọjọ́.

"Amí nìyí. Orúkọ rẹ ló fi ń kan ilẹ̀kùn káàkiri, ìgbà ọgọ́rùn-ún ní ìṣẹ́jú kan. Ohunkóhun táwọn oníbàárà rẹ bá sì tẹ̀ síbí, ó ń kó o lọ fáwọn tó rán an."

Kọ́lápọ̀ lanu sílẹ̀, ẹyẹ lè kọ́lé síbẹ̀. Màmá yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fi ohun tí wọ́n fi ń lé amí gbá inú kọ̀ǹpútà náà mọ́. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́. Ọwọ́ ṣì ń yún Kọ́lápọ̀. Ọmọ rẹ̀ ló sọ pé, "Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó lé ọwọ́ yín." Ó sì jókòó lé e! A ń wo aago, n kò mí, mo búra. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú méje kí aago mẹ́rin lù, sáìtì ṣí. Adùnọlá tẹ̀ ẹ́. Wọ́n gbà á.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ ò tán síbẹ̀ fún bàbá rẹ̀. Láti ọjọ́ kejì ló ti ń lọ láti ilé dé ilé, tó ń sọ fáwọn oníbàárà rẹ̀ pé kí wọ́n pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù wọn, torí amí ti ka ọ̀rọ̀ àṣírí wọn ní ṣọ́ọ̀bù òun. Ọdún kan gbáko ni gbogbo wọn fi ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Ìyá Dúnsìn.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́ mi o. Ohun ọ̀fẹ́ tẹ́ ẹ ò mọ ẹni tó ni ín, ẹ má gbà á wọlé. Bí wọ́n bá sì kìlọ̀ fún yín, ẹ ṣe ohun tí ìkìlọ̀ náà wí, ẹ má kàn máa bẹ̀bẹ̀. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀.