Táyà Inú Ọ̀rá Dúdú

Oòrùn kò tíì yọ tán nígbà tí àbúrò fọkanáísà wá kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ojú òsì obìnrin náà ti wú dí, ètè rẹ̀ ya, ó sì di ìhà rẹ̀ mú. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ àti etí ìró rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò bi í léèrè èyí. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé ọkọ rẹ̀ a máa wọ́ ọ nílẹ̀.

"Bọ̀dá mi, ó ní tóun bá ti ibi ìdíje dé lónìí, òun máa pa mí. Kò fi ṣeré lọ́tẹ̀ yìí."

Awakọ̀ ìdíje ni ọkọ náà. Ní pápá eré ìje ọkọ̀, wọ́n ń pè é ní Má-Bẹ̀rù. Nílé, ẹ̀rù rẹ̀ ni wọ́n ń fi jẹun. Ọ̀dọ̀ fọkanáísà yìí náà ló ti ń gba táyà.

"Jẹ́ kó wá," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Èmi ló máa bá níbí."

"Ẹ má fọwọ́ kàn án o. Ẹ má sì fi táyà rẹ̀ ṣe nǹkan kan. Ẹ búra fún mi."

"Lẹ́yìn gbogbo èyí? Ṣé orí ẹ pé ṣá?"

"Ẹ búra, ẹ jọ̀ọ́."

Ó fi ilẹ̀ tí ìyá wọn sùn sí búra pé táyà tó dáa jù lọ lòun máa fún un. Tìbínú-tìbínú ló fi lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Obìnrin tí wọ́n lù báyìí, tó tún ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹni tó lù ú, kò yé e rárá.

Bàbá wọn ló kọ́ àwọn méjèèjì níṣẹ́ náà. Táyà ìdíje kò fẹ́ oòrùn, kò sì fẹ́ kí ẹ̀rọ tó ń ta iná wà nítòsí rẹ̀. Èyí tó dáa, inú ọ̀rá dúdú ni wọ́n ń wé e sí, wọ́n á gbé e nàró nínú yàrá tútù lẹ́yìn ilé, tí kò ní kọ́kọ́rọ́. Èyí tó ti gbó, wọ́n á jù ú sí ẹ̀yìnkùlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń jó irin, oòrùn á sun ún títí ara rẹ̀ á fi máa là.

Fọkanáísà kó mẹ́rin tó wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà. Ó tú ọ̀rá wọn, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ wọ́n wò, wọ́n rọ̀. Ó wo àmì ọfà tó ń fi ibi tí táyà máa yí sí hàn. Ó fi omi ọṣẹ pa ètè táyà kọ̀ọ̀kan, ó wọ̀ ọ́ sára ríìmù, ó gbé e sínú àgò irin, ó sì bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó fẹ́ atẹ́gùn sí i. Táyà tó bá bẹ́ lójú ẹni kì í mọ ẹni ọ̀wọ̀. Ẹyinjú kan ni bàbá wọn fi kọ́ ọgbọ́n yẹn.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìkẹrin tán nígbà tí Má-Bẹ̀rù wọlé pẹ̀lú mẹkáníìkì rẹ̀ méjì.

"Ta ló wọ ìwọ̀nyí?"

"Èmi ni. Kò sí èyí tó dáa tó wọn níbí."

"Ìwọ tí ìyàwó mi sá wá bá?" Kò pe àna rẹ̀ ní ẹ̀yin láti ọjọ́ tó ti gbéyàwó tán. Ó rẹ́rìn-ín. "O fẹ́ pa mí. Wọ́n ti ta mí lólobó."

Ó wọ yàrá tútù lọ tààrà, ó sì wọ́ táyà mẹ́rin jáde láti igun ọ̀tún, nínú ọ̀rá wọn. Fọkanáísà dínà mọ́ ọn.

"Èyí tí mo wọ̀ yìí ni kó o lò. Mo ti búra!"

Má-Bẹ̀rù fi sípánà táyà là á níwájú orí. Nígbà tó ṣubú, ó ta á nípàá níkùn, ó tún ta á. Ẹ̀jẹ̀ bo ojú fọkanáísà, kò rí ibi tí wọ́n gbà jáde.

Ní pápá, ọ̀kan nínú mẹkáníìkì ní rọ́bà náà le lọ́wọ́ òun. Má-Bẹ̀rù gbá a létí, ó ní kó wọ̀ ọ́ kíá. Wọ́n wọ̀ ọ́.

Ibi kọ́nà kẹta ni táyà iwájú ti fà ya. Ọkọ̀ náà takìtì, ó forí sọ ògiri, iná sì sọ. Ariwo tí awakọ̀ náà ń pa kò pẹ́ kó tó dákẹ́.

Nígbà tí ọlọ́pàá dé, báńdéèjì wà lórí fọkanáísà. Àwọn mẹkáníìkì ti sọ gbogbo bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ọlọ́pàá náà fọwọ́ tẹ táyà mẹ́rin tó kù sílẹ̀, ó mi orí.

"Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà. Tirẹ̀ ló pa á. Ẹ̀yin kọ́."

"Ṣùgbọ́n inú ọ̀rá ló ti mú un, sà," ni fọkanáísà wí. "Àbí èmi ni mo ṣì í wé? Ọlọ́run ò, èmi ni mo pa ọkọ àbúrò mi." Ó bú sẹ́kún.

Àbúrò rẹ̀ tú báńdéèjì náà, ó rọra ń fi omi gbígbóná tẹ ojú ọgbẹ́ náà, ó ní kó má da ara rẹ̀ láàmú mọ́, kò sì sọ fún un pé òun lòun fi ẹkún pe ọkọ òun lórí fóònù láàárọ̀, tóun bẹ̀ ẹ́ pé kó má lo táyà tí bọ̀dá òun bá wọ̀ fún un, àfi mẹ́rin tó wà ní igun ọ̀tún, èyí tí òun ti yí láti ẹ̀yìnkùlé wọlé, tí òun sì ti fọwọ́ ara òun wé sínú ọ̀rá dúdú kí òun tó kan ilẹ̀kùn.