Mo-ti-ṣe-é àti Agbálẹ̀ Tí Kò Rí Gbogbo Yàrá

Ọkùnrin kan wà tí ahọ́n rẹ̀ máa ń ṣáájú ọwọ́ rẹ̀ dé ibi iṣẹ́. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kò sì gọ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé iṣẹ́ tó bá ti kù díẹ̀, ó ti parí lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Ohunkóhun tí o bá bi í, “Mo ti ṣe é” ni yóò fi dá ọ lóhùn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kúkú fi sọ ọ́ lórúkọ: Mo-ti-ṣe-é. Ó ń rẹ́rìn-ín sí i, ó rò pé oríkì ni.

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe àpótí olóoru ló wà. Inú àpótí yìí ni wọ́n ń tẹ́ ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé sí ní ilé ìwòsàn. Kọ̀ǹpútà kékeré kan wà lára rẹ̀ tó ń ka èémí ọmọ. Bí èémí bá fẹ́ dákẹ́, yóò ké gooro kí nọ́ọ̀sì lè sáré wá. Mo-ti-ṣe-é ló kọ ètò tí kọ̀ǹpútà náà ń lò, èdè kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní C ló sì fi kọ ọ́. Ó mọ̀ ọ́n kọ. Kò pẹ́ tí ọ̀gá fi sọ ọ́ di olórí, tí àpótí wọn sì wà ní gbogbo ilé ìwòsàn ìlú.

Nínú èdè C, ẹni tó bá gba àyè nínú kọ̀ǹpútà ló gbọ́dọ̀ dá a padà fúnra rẹ̀. Bí ó bá gbàgbé, pàǹtí á kún ibẹ̀ títí ẹ̀rọ á fi dákú. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe àpótí tuntun, Mo-ti-ṣe-é ní wàhálà yẹn ti sú òun, ó bá mú agbálẹ̀ wọlé. Ètò tí àwọn ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀ ni agbálẹ̀ yìí. Bí àyè bá ti ń kún, á wò káàkiri. Ohun tí kò bá rí ẹni tó dì í mú, á gbá a dànù.

Ṣùgbọ́n ètò èémí yìí ní fọ́nrán púpọ̀ tó jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀: ọ̀kan ń ka èémí, ọ̀kan ń wo ooru, ọ̀kan ń kọ nọ́ńbà sójú ẹ̀rọ. Ìgbà tí a bá ń yí ètò padà sí èdè ẹ̀rọ ni a gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún agbálẹ̀ pé fọ́nrán wà. Ọ̀rọ̀ kan ni, GC_THREADS, fáìlì kọ̀ọ̀kan tí a pín ètò náà sí ló sì gbọ́dọ̀ ní in. Fáìlì tí kò bá ní in, agbálẹ̀ kò ní mọ fọ́nrán tó ti ibẹ̀ jáde. Ohun tó wà lọ́wọ́ fọ́nrán náà, pàǹtí ló máa pè é.

Obìnrin kan ló ń yẹ iṣẹ́ wò kó tó jáde. Ẹ̀gbọ́n ni gbogbo wọn ń pè é. Ó wá bá Mo-ti-ṣe-é nídìí tábìlì rẹ̀.

“Àbúrò, ọ̀rọ̀ fọ́nrán yẹn, ṣé gbogbo fáìlì lo fi í sí?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti ṣe é.”

“Ti èémí ńkọ́? Òun lo kọ kẹ́yìn.”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ fẹ́ràn ìbéèrè ju ọlọ́pàá lọ. Mo ní mo ti ṣe é.”

Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé fáìlì àkọ́kọ́ nìkan ló fi í sí. Ó ní lọ́kàn láti fi í sí àwọn yòókù kí ilẹ̀ tó ṣú, ni ọ̀gá bá ránṣẹ́ pè é pé àlejò dé. Iṣu atẹnumọ́ran kì í jóná, nítorí náà Ẹ̀gbọ́n tún kìlọ̀ fún un pé kó jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ pẹ́ kí wọ́n tó gbé e jáde, torí agbálẹ̀ kì í fọwọ́ kan ìgbálẹ̀ títí ilé á fi kún. Mo-ti-ṣe-é ní òun ti ṣe ìyẹn náà. Olórí iṣẹ́ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n gbà á gbọ́.

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìyá ọmọ kan jókòó ti àpótí tuntun náà ní ilé ìwòsàn. Àkọ́bí rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Láti àárọ̀ ni nọ́ńbà èémí ti ń lọ sókè tó ń lọ sílẹ̀, ojú ìyá náà ń bá a lọ. Nígbà tó yá, nọ́ńbà náà dúró sójú kan. Nọ́ńbà tó dára ni. Ẹ̀rọ kò ké. Ìyá náà gbójú kúrò lára ẹ̀rọ, ó wo àyà ọmọ. Àyà kò mira. Ètè rẹ̀ ti ń dúdú.

Ó pe nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì yọjú láti ẹnu ọ̀nà, ó wo nọ́ńbà.

“Ìyá ọmọ, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ̀rọ ní ó ń mí.”

“Nọ́ọ̀sì, ẹ má wo ẹ̀rọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ọmọ mi.”

Nọ́ọ̀sì súnmọ́ ọn, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó ṣí àpótí, ó ń fi ìka ra ọmọ náà lẹ́yìn, ó ń pe dókítà. Wọ́n ti ìyá sẹ́yìn. Ó fẹ̀yìn ti ògiri, kò sunkún, kò gbàdúrà. Ẹsẹ̀ ọmọ tó hàn láàárín apá àwọn olùtọ́jú nìkan ló ń wò. Ó pẹ́ kí ẹsẹ̀ náà tó tàpá. Lẹ́yìn náà ni igbe kékeré kan jáde, bí ti ọmọ ológbò.

Wọ́n gbé àpótí padà sí ilé iṣẹ́. Mo-ti-ṣe-é ní agbálẹ̀ ló burú, àwọn tó kọ ọ́ kò mọṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n ṣí fáìlì èémí sílẹ̀ níwájú gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀ fọ́nrán kò sí níbẹ̀. Agbálẹ̀ ti gbá èémí ọmọ dànù bí ìdọ̀tí, nọ́ńbà àtijọ́ ló ń tàn lójú ẹ̀rọ, ìdí nìyẹn tí kò fi ké. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

“Mo bi ọ́,” ni Ẹ̀gbọ́n wí. “Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bi ọ́.”

Ọ̀gá lé Mo-ti-ṣe-é lọ ní ọjọ́ náà. Ilé iṣẹ́ mìíràn tó kàn sí, ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Ọmọ náà yè, ṣùgbọ́n dókítà kò lè sọ ohun tí àìmí yẹn ti gbà lọ lára rẹ̀. Nígbà tí Mo-ti-ṣe-é délé, ìyàwó rẹ̀ tí oyún rẹ̀ kò tíì ju oṣù méje lọ jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó dọwọ́ lé ikùn. Ó ti gbọ́. Kò bú u.

“Ọkọ mi,” ló wí, “nínú ìlú yìí, ilé ìwòsàn wo ni àpótí yín kò sí?”

Ó ń kà wọ́n lórí ìka lọ́kọ̀ọ̀kan; àpótí wọn wà ní gbogbo wọn.

Ohun tí mo fẹ́ kí a mú níbẹ̀ nìyí. “Mo fẹ́ ṣe é” kì í ṣe ọmọ ìyá “mo ti ṣe é”. Èémí ọmọ ẹni ẹlẹ́ni lè pin sáàárín àwọn méjèèjì. Bí wọ́n bá bi ọ́ léèrè iṣẹ́ rẹ, dìde, lọ wò ó, kí o tó dáhùn. Kò sí ìtìjú nínú kí ènìyàn sọ pé kò tíì parí. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́ rí, tí kò sì lè yẹ iṣẹ́ rẹ wò, ló ń gbé ọmọ rẹ̀ lé e.