Ṣúgà Nínú Àpò Sùtánà

Ara Màmá Miriam ń gbọ̀n rìrì.

Òógùn ti lẹ sùtánà mọ́ ọn lára.

"Ẹ̀mí ti gbé Màmá!" Gbogbo ìjọ aláṣọ funfun tó wà ní Ìṣẹ̀rí-Olófin bú sórin.

Wòlíì Àlàó ń mi agogo sí i létí. "Ẹ sọ ọ́ jáde, Màmá! Kí lẹ rí?"

Òòyì ń kọ́ Màmá, ojú rẹ̀ ń ṣú. Ó kiwọ́ bàpò, ó yọ ṣúgà oníhóró kan, ó jù ú sẹ́nu.

Orin dá.

Títí, ọmọ rẹ̀, sáré dì í lọ́wọ́ mú. "Háà, Màmá! Inú ààwẹ̀ la wà! Ẹ tún ní àtọ̀gbẹ, ẹ wá ń jẹ ṣúgà!"

"Fi mí sílẹ̀ jàre! Mo lo oògùn àtọ̀gbẹ láàárọ̀, n ò sì jẹun. Ṣúgà ara mi ló já wálẹ̀. Ṣé kí n kú, kẹ́ ẹ lè máa sọ pé mo gbààwẹ̀ dópin ni?"

Ó tún run méjì sí i wómúwómú. Díẹ̀díẹ̀, ara rẹ̀ ń balẹ̀.

"Ó yá, ẹ bu nínú ẹ̀wà tá a fẹ́ fi ṣínu fún mi, kó má baà tún já. Kì í ṣe ẹ̀mí ló gbé mi."

Wòlíì lanu sílẹ̀. "Màmá, ṣebí báyìí náà lẹ gbọ̀n lóṣù tó kọjá, tẹ́ ẹ ní Olúwa ní kí gbogbo ìjọ gba ààwẹ̀ yìí?"

Màmá bú sẹ́rìn-ín títí ọmú rẹ̀ fi ń jó nínú sùtánà.

"Ebi ló ń pa mí lọ́jọ́ náà, Wòlíì. Ẹ jókòó, ká jọ jẹ̀wà."