Ẹ̀rọ Dókítà Tún Ti Kí Mi

Láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti gba iṣẹ́ dókítà, àìmọye ìgbà ló ti kéde pé làkúrègbé mi ti lọ, bẹ́ẹ̀ mi ò lè gun àtẹ̀gùn. Tí mo bá ti wọlé, á ní, "Ẹ káàárọ̀ mà, ṣé àlàáfíà ni?" Ẹnu mi á yára dáhùn pé, "A dúpẹ́." Ilẹ̀kùn á ṣí pé kí n máa lọ sílé.

Lónìí, Mosún ọmọ mi fọwọ́ bò mí lẹ́nu títí ìkíni fi kọjá. Mo wá pariwo: "Kò sí àlàáfíà! Orúnkún ń pa mí lọ!"

"Ẹ pẹ̀lẹ́ mà." Ẹ̀rọ na abẹ́rẹ́ jáde. Omi ayọ̀ bọ́ lójú mi. Ẹ̀rọ tún ní, "Ara yín ti yá, lágbára Ọlọ́run."

"Àmín!" lèmi àti Mosún jọ ké.

Abẹ́rẹ́ padà wọlé láì tíì kàn mí. Ilẹ̀kùn ṣí.