Awakọ̀ Kejì

Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni Ládiípọ̀ ń dé akoto géémù, tí òun àti Mọrẹ́nikẹ́ kan jọ ń wa ọkọ̀ òfúrufú lọ sí ìràwọ̀ pupa. Nínú géémù yìí, ìrìn ọdún mẹ́ta, ọdún mẹ́ta gidi ni. Owú fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Abẹ́ní, ìyàwó rẹ̀. Òun náà dé akoto, ó gbé ọkọ̀ tirẹ̀, ó gbá tẹ̀lé wọn.

Lẹ́yìn oṣù kan, Ládiípọ̀ pa géémù tì. "Abẹ́ní, mo ti fi Mọrẹ́nikẹ́ sílẹ̀. Wá jẹun."

"Ẹ dákẹ́ jàre! Mi ò tíì lé yín bá."

"Èmi nìyí níwájú rẹ!"

Ohùn ọkùnrin dún láti inú akoto Abẹ́ní: "Olólùfẹ́, ṣó o ti jẹun?"

"Ta nìyẹn?"

"Awakọ̀ kejì mi. Ṣé èmi nìkan ni kí n máa wa ọkọ̀ ni?"

Ládiípọ̀ ki akoto bọrí, ó tún gbéra láti ilẹ̀. Àmọ́ Abẹ́ní àti awakọ̀ kejì rẹ̀ ti fi oṣù kan ṣíwájú, ọkọ̀ kan kì í sì í sáré ju èkejì lọ níbẹ̀.